Ohun tí Ọ̀gá Kọ Sára Ògiri

Hameedat dúró nínú ilé ìwẹ̀ kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún, irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ lọ́wọ́ òsì, ó ń wo ògiri. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára táìsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà ni: MA FO.

Ó kà á, ó tún un kà. Ó fi ìdí òòlù kan táìsì náà, ó gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́. Ohùn tó dì ni. Táìsì tí sìmẹ́ńtì kò dì mú, bí igbá òfìfo ló máa ń dún, irú ìyẹn sì ni wọ́n ń fọ́ tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Èyí kò dún bẹ́ẹ̀ rárá.

"Kí ló dé tí Ọ̀gá fi ní kí n fọ́ èyí tó dára?" Ó bi ara rẹ̀.

Èmi ò sí níbẹ̀ o. Ọmọ ọmọ mi ni Hameedat, òun ló sọ ọ́ fún mi. Mo tún bi àwọn tó kù léèrè, mo fi ọ̀rọ̀ wọn wé ara wọn kí n tó kọ èyí fún ẹ̀yin ọmọ.

Ilé tuntun ni wọ́n ń kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀sà ní Bàrígà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹpẹtẹ, torí èèyàn ti pọ̀ ju ilé lọ ládùúgbò wa. Ilé kíkọ́ kì í ṣe tuntun lójú mi. Nígbà tí mo dé Ṣómólú láti Ìjẹ̀bú-Igbó, àbàtà ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ló ń kọrin fún wa lálẹ́. Ojú mi ni wọ́n ṣe kọ́lé bo gbogbo rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀lé á ti òkèèrè wá, wọ́n á kọ́lé tán, wọ́n á palẹ̀ irinṣẹ́ wọn mọ́, wọ́n á lọ. Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Omi ni wọ́n ń pọn, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń rù. Ọjọ́ tí ilé bá parí ni iṣẹ́ parí mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ru búlọ́ọ̀kù odidi òpópónà kan kò lè dá ògiri kan mọ.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà àdúgbò fi bá ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ilé tuntun yìí ṣèpàdé. Wọ́n ní, "Ẹ ò lè máa kọ́lé níbí kí àwọn ọmọ wa máa wòran." Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Ṣómólú àti Bàrígà níṣẹ́ ọwọ́ nídìí ilé náà gan-an: iná mànàmáná, omi ẹ̀rọ, táìsì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n á gbà á síṣẹ́, torí ilé tí wọ́n ṣì fẹ́ kọ́ lẹ́yìn èyí pọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá, alábòójútó gbogbo sáìtì náà, gbà, àmọ́ ó fajú ro. Ó ní, "Ọmọ tó bá ba nǹkan jẹ́, ilé ló ń lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ ni n óò mú wá láti ibòmíràn dípò rẹ̀."

Hameedat ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ìwé girama nígbà náà. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ nílé ìtẹ̀wé ní òpópónà Bajulaiye ti ń fà sẹ́yìn, kò sí ẹni tó lè rán an lọ síwájú. Iṣẹ́ táìsì yìí ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé, bó bá bá mi lọ sí mọ́ṣáláṣí, ilẹ̀ ló ń wò, ó ń wá ibi tí onítáìsì ti ṣe àṣìṣe.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ni Ọ̀gá Adébọ̀dé, ọmọ Ọ̀yọ́, tí ohùn rẹ̀ tutù. Ẹ̀gbẹ́ wọn ló máa ń dúró sí, á fi ọwọ́ hàn wọ́n, á fi ẹnu sọ. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n pè é sí ilé kan ní apá kejì sáìtì. Kó tó lọ, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun tí wọ́n máa ṣe sínú àwọn yàrá. Ó ní, "Bí mi ò bá sí níbí, ògiri á bá yín sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ògiri ṣe ń bá Hameedat sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ ọ yé. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ.

Saheed, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, ń po sìmẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà. "Ta lo fẹ́ pè?"

"Ọ̀gá ni. Mo fẹ́ bi wọ́n ní nǹkan."

"Ìbéèrè tún dé. Ìwọ náà ti fẹ́ di Godspower."

Godspower ni ìkẹta wọn. Ará Delta ni bàbá rẹ̀, àmọ́ etí omi Bàrígà ni wọ́n bí i sí. Kò sí ohun tí kì í bi Ọ̀gá léèrè, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ: Ẹ-jọ̀ọ́-sà.

Saheed yí ohùn padà, ó ń sín in jẹ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n mí? Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé orí òòlù ni kí n dì mú ni àbí ìdí?"

Àwọn oníná tó ń kọjá rẹ́rìn-ín. Saheed rí i pé wọ́n ń gbọ́, ó bá tẹ̀ síwájú. "Wo ògiri yẹn, Yorùbá ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe Lárúbáwá. Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́. Máa fọ́ ni wọ́n ní kí o máa fọ́. Kí ló kù tí kò yé ẹ?"

Ojú ti Hameedat. Ó ti fóònù bọ àpò. Ó padà wọlé, ó gbé irin lé táìsì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó sọ òòlù lé e.

Ó fọ́ ti àkọ́kọ́, ó fọ́ èkejì. Ibi tó ti ń gbẹ́ ìkẹta ni irin wọnú páìpù. Omi tú jáde, ó gbá a láyà, ó taari rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, omi ti ń ṣàn lọ sí orí àtẹ̀gùn, ó ń rọ̀ sílẹ̀ sínú yàrá tí àwọn oníná ti parí iṣẹ́ wọn nísàlẹ̀.

Saheed ò sún mọ́ ọn. Godspower ló sáré wọlé. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó wé e mọ́ igi kékeré kan, ó tì í sẹ́nu páìpù, ó gba òòlù lọ́wọ́ Hameedat, ó sì ń gbá a wọlé. "Sáré lọ ti omi nísàlẹ̀," ló ń wí. "Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè. Lọ."

Hameedat sáré lọ. Nígbà tó fi máa ti omi tán tó sì padà dé, Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá ti wà nínú yàrá. Ta ló bá níbẹ̀? Godspower, tó rin gbingbin, pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́.

"Ìwọ," ni Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá ń wí. Ó na ọwọ́ sí òkè ògiri, níbi tí ohun tí Ọ̀gá kọ ṣì wà. "Ṣé èyí ò hàn sí ẹ ni?"

"Sà, èmi kọ́. Mo wá dí omi ni."

"Òòlù ta ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

Godspower wo òòlù náà, ó wo Hameedat. Kò sọ pé ti Hameedat ni.

"Mo sọ ọ́ nípàdé," ni Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá tún wí. "Mo ní ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ń fi Yorùbá kọ nǹkan."

"Sà, Bàrígà ni wọ́n bí mi sí. Mo gbọ́ Yorùbá. Ẹ bi wọ́n."

Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá yíjú sí àwọn méjèèjì tó kù. Saheed ń wo sìmẹ́ńtì ẹsẹ̀ rẹ̀. Hameedat la ẹnu. Saheed di apá rẹ̀ mú, ó sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí pé, "Òun ti lọ ná. Bí o bá sọ̀rọ̀, ìwọ náà ń lọ."

Ẹnu Hameedat padé.

"Máa lọ sílé," ni Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá wí fún Godspower. "Lọ́la, Adébọ̀dé á wò ó, lẹ́yìn náà n óò mú ẹlòmíràn."

Godspower gbé òòlù náà kalẹ̀ síwájú Hameedat jẹ́jẹ́, ó fún ẹ̀wù rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

Mo ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí níta nígbà tí Hameedat dé, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ tutù. Ó kí mi, kò dúró gba ìdáhùn. Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀, kò wò ó. Mo ní, "Hameedat, ẹni tí kò jẹun ní ohun tó ń jẹ òun náà. Kí ni?" Ó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ní kó fi èédú kọ ohun tí Ọ̀gá kọ sílẹ̀ kí n rí i. Ó kọ ọ́. Mo fi ìka tọ̀ ọ́. "Má fò," ni mo kà. "Wọ́n ní kí ẹ má fò. Ta ló ń fò nínú ilé ìwẹ̀?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹkún sì tẹ̀lé e.

"Màmá àgbà, bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé mi."

"Ó ṣeé ṣe."

"Ẹ ò tiẹ̀ ní sọ pé wọn ò ní lé mi?"

"Ṣé kí n parọ́ fún ẹ ni?"

Kí n má tàn yín, ọkàn mi pín sí méjì. Ṣebí èmi ni mo rí àwọn tó ru búlọ́ọ̀kù títí wọ́n fi darúgbó. Mo mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ fún ọmọ mi. Kí n sọ pé kó dákẹ́, ó wà lórí ahọ́n mi. Àmọ́ mo rántí ọmọ ọlọ́mọ tó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fi dí omi tí kì í ṣe òun ló tú u. Ìyá tirẹ̀ náà á ti béèrè ohun tó lé e wálé lọ́sàn-án gangan.

Mo ní, "Ẹrù tó bá jẹ́ tìẹ, tí ẹlòmíràn bá rù ú, ọrùn tìẹ náà ni yóò máa ro ọ́. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Èyí tí o máa ṣe, ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Mo gbé ẹ̀gúsí mi, mo wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, kò gba ọ̀nà sáìtì. Etí omi ló gbà lọ, níbi tí ìyá Godspower ti ń yan ẹja. Ó bá ọmọ náà tó ń la igi.

Godspower kò dáwọ́ igi lílà dúró. "Ẹnu ẹ ti là?"

"Ó ti là."

"Àná ńkọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ba èmi náà. Mo sọ òótọ́, wọn ò gbà mí gbọ́. Ìwọ tí wọ́n máa gbà gbọ́ lo dákẹ́."

Hameedat tẹ̀ ba, ó ń bá a kó igi jọ. Ó ní, "Bá mi ká lọ. Mo fẹ́ kí o wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá ń sọ ọ́."

Godspower la igi méjì sí i, ó wá sọ àáké sílẹ̀. "Mò ń bọ̀. Kì í ṣe torí ẹ. Ojú Ọ̀gá Àjàlá ni mo fẹ́ rí."

Inú ilé ìwẹ̀ náà ni wọ́n bá Ọ̀gá Adébọ̀dé àti Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá, Saheed sì wà lẹ́bàá ògiri. Hameedat kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ṣì tutù.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, èmi ni mo fọ́ ọ. Godspower ò sí níbí nígbà yẹn. Ó wá ràn mí lọ́wọ́ ni. Ojú mi ni ẹ ṣe lé e lọ, mo sì dákẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá wò ó láti òkè délẹ̀. Ọ̀gá Adébọ̀dé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí lo kà lára ògiri?"

"Máa fọ́, sà. Mo fi òòlù kàn án, ó dún bí èyí tó dára, mo fẹ́ pè yín, àmọ́ mi ò pè."

"Má fọ́ ni mo kọ. Páìpù wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Èmi náà, máa fọ́ ni mo kà, sà," ni Saheed sọ lójijì. Kò gbójú sókè. "Mo sì sọ ọ́ fún un."

Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá pòṣé. "Ṣé àwọn ọmọ yìí lọ sílé-ìwé ṣá? Ọ̀rọ̀ tó hàn kedere báyìí."

Kò tíì pa ẹnu dé tí wọ́n gbọ́ ohùn obìnrin lórí àtẹ̀gùn. Ìyá Waliyat ni, tó ń tọ́jú àwọn ilé tó bá ti parí. Ó gbé korobá omi dání, kànìnkànìn wà léjìká.

"Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o. Ọ̀gá Àjàlá, ẹ má bínú sí mi, àná ló yẹ kí n ti wá. Ògiri tí ẹ ní wọ́n kọ máa fọ̀ sí lára ńkọ́? Mo ti gbé ọṣẹ wá."

Gbogbo wọn yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá. Ìyá Waliyat wo àfọ́kù táìsì nílẹ̀, ó wo ihò ara ògiri. "Ṣé èyí ni? Ó kọjá ti ọṣẹ o."

Godspower ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Saheed tẹ̀lé e. Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá ń tún fìlà rẹ̀ dé, ó ní, "Mo rò pé ìdọ̀tí ni wọ́n rí lára rẹ̀," ẹ̀rín sì pa òun náà. Hameedat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà.

Ọ̀gá Adébọ̀dé kò tíì ṣe tán. "Godspower, ìwọ ńkọ́? Ká ní ìwọ ni mo kọ ọ́ fún, kí lo máa kà?"

"Mi ò ní mọ èyí tó jẹ́, sà. Ǹ bá pè yín."

"O ò rí nǹkan. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n kà." Ó yíjú sí Hameedat. "Èmi ni mo kọ nǹkan mẹ́ta pọ̀ sára ògiri kan, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Àmọ́ òòlù sọ fún ẹ pé táìsì yẹn dára. O fẹ́ pè mí, o ò pè. Ìyẹn náà, n óò fojú fò ó. Èyí tí o jẹ́ kí ọmọkùnrin yìí sọ̀ kalẹ̀ lánàá ló dùn mí."

"Ẹ ṣàánú mi, sà."

"Dìde. O ò lọ síbì kankan. Ìwọ àti oníṣẹ́ omi lẹ máa tún ògiri yìí ṣe, ìwọ lo máa tún yàrá ìsàlẹ̀ tí omi bà jẹ́ gbá, kùn ún. Títí o ó fi ṣe é tán, o ò ní fọwọ́ kan ògiri mìíràn, bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ tiẹ̀ ń lọ síwájú."

Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo korobá Ìyá Waliyat, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó fọwọ́ kan Godspower léjìká. "Ọmọ Bàrígà, má bínú. Wọ bàtà iṣẹ́ ẹ."

Nígbà tí Hameedat wọlé lọ́jọ́ yẹn tó sọ fún mi pé wọn ò lé ẹnikẹ́ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo jókòó sórí àpótí, mo mí kanlẹ̀. Mo ti rò pé ọjọ́ tí ọmọ mi máa sọ òótọ́ ni ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyà rẹ̀ kò kéré o. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà ní ilé kẹta, òun ṣì ń kùn yàrá. Godspower kò bá a ṣeré fún ìgbà pípẹ́. Bó bá kí i, á dáhùn, kò ní fi kún un. Hameedat ò bínú. Ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Adébọ̀dé náà yí padà: kò kọ MA sára ògiri mọ́ láé. FI SÍLẸ̀ ló ń kọ, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ó sì ṣòfin pé bí ẹnì kan bá béèrè ọ̀rọ̀, tí ẹlòmíràn sì fi í rẹ́rìn-ín, ẹni tó rẹ́rìn-ín ni yóò dáhùn. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu Saheed ti rọlẹ̀.

Àwọn èèyàn ti kó wọ inú ilé náà báyìí. Wọ́n ti ń fi ìpìlẹ̀ òmíràn lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lára àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ níbẹ̀. Hameedat àti Godspower ni wọ́n fi sójú iṣẹ́ kan náà. Mo gba ibẹ̀ kọjá láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣe awuyewuye lórí ibi tí ó yẹ kí táìsì ti bẹ̀rẹ̀. "Jẹ́ ká bi Ọ̀gá," ni Hameedat wí. "Ìwọ náà ti di èmi," ni Godspower dá a lóhùn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ o. Àwọn baba wa ní abèèrè kì í ṣìnà. Ìbéèrè kì í ṣe àìmọ̀kan. Ẹni tó ń fi ẹni tó ń béèrè ṣe yẹ̀yẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ kí ọmọ ọlọ́mọ tó rù ú lọ sílé. Táìsì tó fọ́ ṣeé tún lẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ láìgbèjà, yóò pẹ́ kó tó padà sọ́dọ̀ yín, bó bá tiẹ̀ padà.

Ní tèmi, ọkàn mi ti balẹ̀. Mo pẹ́ láyé kí n tó rí ilé tí wọ́n kọ́ ní Bàrígà tí ọmọ Bàrígà mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.